IYỌ̀ TÓ DÙN NÍ CÁDIZ, IYỌ̀ KAN NÁÀ TÓ KORÒ NÍ HAVANA

Ìlú Cádiz wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì, lágbègbè tí wọ́n ń pè ní Andalusia. Òkun yí ìlú náà ká débi pé díẹ̀ ló kù kó di erékùṣù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń darí omi òkun sínú àwọn kòtò pẹlẹbẹ lẹ́bàá etíkun. Oòrùn á fa omi gbẹ, iyọ̀ funfun á kù sílẹ̀, wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó o jọ. Abájọ tó fi jẹ́ pé iyọ̀ náà ni wọ́n fi ń wọn ìwà ènìyàn. Bí obìnrin kan bá lọ́yàyà, tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tó ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín bó ti ń ta ẹja lọ́wọ́, wọ́n á ní "salada" ni. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, "salado" ni, èyí tí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ máa ń gé kúrú sí "salao". Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹni tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Kódà ìgò iyọ̀ orí tábìlì, "salero" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀yàyà àti àrà tó wà lára ènìyàn.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò ní béèrè àlàyé. Ṣebí iyọ̀ la fi ń súre fún ọmọ tuntun níjọ́ ìsọmọlórúkọ pé kí ayé rẹ̀ dùn?

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí ará Cádiz yìí wọkọ̀, kó sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Havana, olú-ìlú Kúbà. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Láti 1717 ni ìjọba Sípéènì ti gbé ọ́fíìsì tó ń bójú tó òwò rẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà lọ sí Cádiz, Havana sì jẹ́ èbúté pàtàkì tí ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí. Bí bàbá yìí bá sọ̀kalẹ̀ ní Havana, tó rí ọkùnrin aláwàdà kan, tó sì pè é ní "salao" láti fi yìn ín, ojú ẹni ẹlẹ́ni á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ní Kúbà, ẹni tí wọ́n fi iyọ̀ sí ni ẹni tí orí ń bá jà, tó fọwọ́ kan wúrà tó di bàbà. Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó gbé Kúbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀ "The Old Man and the Sea" tó jáde ní 1952. Bàbá apẹja inú ìwé náà lo ọjọ́ 84 lórí omi láìpa ẹja kan ṣoṣo. "Salao" ni wọ́n pè é.

Bí ará Cádiz wa bá tún tẹ̀síwájú dé Buenos Aires ní Ajẹntínà, tó dúró níwájú àtẹ, tí ẹlòmíràn tó ń nájà sì ń kùn pé "salado", kì í ṣe ọ̀yàyà, kì í sì í ṣe orí burúkú. Ohun tó ń wí ni pé ọjà náà wọ́n jù.

Iyọ̀ kan ṣoṣo, adùn níhìn-ín, ègbé lọ́hùn-ún, owó gọbọi níbòmíràn.

INÚ DÍDÙN, ÌLÚ SÍLÙÚ NI

Orílẹ̀-èdè 20 ló fi èdè Sípéènì ṣe èdè ìjọba. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti dàgbà yóò rántí erékùṣù Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ti lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó láyé ọjọ́un. Sípéènì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1968, èdè wọn ni wọ́n ṣì fi ń ṣèjọba níbẹ̀ dòní.

Nílé ìwé, èdè kan náà ni gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ń kọ́ ọmọ. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà ní Madrid tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1713 láti máa ṣọ́ èdè náà bí ẹní ń ṣọ́ oko. Bí lọ́yà bá kọ ìwé ní Lima, lọ́yà Madrid á kà á já. Ṣùgbọ́n bí inú bá dùn, tàbí tí inú bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tí í sáré lọ ṣí ìwé. Ohun tí ìyá ẹni ń sọ nídìí ààrò, ohun tí àwọn ọmọ gáréèjì ń pariwo, òun ló ń bọ́ sí ẹnu. Ibẹ̀ ni wọn kì í ti í gbọ́ ara wọn yé mọ́. Nígbà tí ó di 2010, àwọn ọ̀mọ̀wé náà àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fẹnu kò, wọ́n tẹ ìwé atúmọ̀ ńlá kan jáde fún kìkì àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà.

Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ wo tiwa náà. A ní inú wa dùn, a ní ara wa yá gágá, a ní orí wa wú. Bí àjèjì bá tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè rò pé ikùn ló ń ṣe wá, tí orí sì ti wú bí ẹni tí oyin ta.

LÓRÍ ÀTẸ NI WỌ́N TI KÓ O

Ẹni tó bá ń tajà yóò gbádùn ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yìí gbà ń sọ ohun tó wà nínú wọn, nítorí orí àtẹ ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní Sípéènì, bí ọ̀gá bá jí sí ìbínú láàárọ̀, wọ́n á ní ó wà nínú "mala leche", ìyẹn wàrà burúkú. Àwọn tí wọn kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ le jù á ní "mala uva", èso àjàrà burúkú. Bí inú ènìyàn bá dùn ńkọ́? Wọ́n á ní inú rẹ̀ dùn ju "castañuelas" lọ, ìyẹn pákó kékeré méjì-méjì tí àwọn oníjó Andalusia máa ń fi ọwọ́ lù mọ́ra, tí yóò máa dún kó-kó-kó.

Ní Peru, ẹni tí inú ń bí, "asado" ni. Ẹni tí wọ́n yan lórí iná nìyẹn, bí ẹran súyà. Ẹni tí ojú ń tì, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, wọ́n á ní "palta" ló mú un. Palta yìí ni píà tí à ń fi búrẹ́dì jẹ. Ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún, "piña" ni wọ́n ń pè é, ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Bí bọ́ọ̀sì bá lọ lójú ẹ̀, tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, tó bojú wo àpò rẹ̀ tó rí i pé olè ti yọ ọ́ lówó, ará Lima á mi orí, á ní "qué piña". Ó di ọ̀pẹ̀ òyìnbó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ará Lima má gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Ajẹntínà o. "Asado" níbẹ̀ kì í ṣe ìbínú rárá. Ẹran yíyan tí tẹbí-tọ̀rẹ́ máa ń pé jọ sí nídìí iná lópin ọ̀sẹ̀ ni, inú gbogbo wọn á sì máa dùn. "Piña" ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fún yín ní piña kan ní Buenos Aires, kì í ṣe èso ló fẹ́ fún yín. Ẹ yáa sá.

Èyí tó wọni lára jù lọ wà ní Kòlóḿbíà. Bí olólùfẹ́ bá kọ ènìyàn sílẹ̀, tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun, tó ń jókòó sójú kan bí ẹni tí òkú kú fún, wọ́n á ní ó ní "tusa". Kí ni tusa? Ṣùkù àgbàdo ni, èyí tí wọ́n ti jẹ ọmọ rẹ̀ tán, tó ku igi lásán. Obìnrin tó ń ta àgbàdo sísè létí títì kò nílò ẹni tí yóò tú u fún òun. Ọ̀rọ̀ yìí kò jáde púpọ̀ kúrò nílé tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí Karol G, akọrin obìnrin ọmọ ìlú Medellín, fi ṣe orúkọ orin kan ní 2019, tí gbogbo àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì káàkiri ayé sì gbọ́ ọ.

Ní Fẹnẹsúẹ́là tó bá Kòlóḿbíà pààlà, ìbànújẹ́ ìfẹ́ yìí kan náà ní orúkọ mìíràn. "Guayabo" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn igi gúrófà. Ṣùgbọ́n bí ará Fẹnẹsúẹ́là bá sọdá ààlà, tó sọ pé òun ní guayabo, àwọn ará Kòlóḿbíà kò ní bá a kẹ́dùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín ni, wọ́n á bù omi tútù fún un, nítorí guayabo lọ́dọ̀ tiwọn ni orí fífọ́ tí ọtí àná máa ń fi sílẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀mùtí! Orí fífọ́ ọtí yìí náà wá ní orúkọ tirẹ̀ ní Fẹnẹsúẹ́là: "ratón", eku. Ní Mẹ́síkò, wọ́n á ní ènìyàn náà "crudo", ìyẹn ni pé kò tíì jinná.

BÀBÁ DÁRA, ÌYÁ ŃKỌ́?

Mẹ́síkò ni orílẹ̀-èdè tí ènìyàn tó ń sọ èdè Sípéènì pọ̀ sí jù lọ láyé. Nínú àwọn ọjà ńlá olú-ìlú wọn, irú ọjà La Merced, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà jọ ń pe ara wọn ní "marchante" ni, bí ó bá jẹ́ obìnrin, "marchanta". Gẹ́lẹ́ bí a ti ń pe ara wa ní kọ́sítọ́mà nìyẹn.

Bí nǹkan bá dára lójú ọmọ Mẹ́síkò, ọ̀rọ̀ tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "¡Qué padre!" Padre ni bàbá. Aṣọ tó rẹwà, bàbá ni. Eré bọ́ọ̀lù tó dùn, bàbá ni. Bó bá wá dùn kọjá ààlà, wọ́n á na ọ̀rọ̀ náà gùn, "padrísimo".

Àwọn ìyálọ́jà tó ń ka èyí á ti máa béèrè pé, ìyá wa ńkọ́? Họ́wù! Ọ̀rọ̀ ìyá ní Mẹ́síkò dà bí ọ̀bẹ olójú méjì. Ìyá ni madre. Bí wọ́n bá ní nǹkan wà ní "a toda madre", ó dára dé góńgó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní nǹkan "vale madre", kò níláárí, kò tó fọ́fọ́. Bí ibì kan bá dàrú, tí gbogbo nǹkan dojú rú, "desmadre" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé wọ́n mú ìyá kúrò nínú ilé. Ọ̀rọ̀ ìyá wọ̀nyí kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ lójú àgbà, nítorí ọ̀rọ̀ ìgboro ni.

Kì í ṣe pé wọn kò ka ìyá sí o. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún àwọn ìyá ní Mẹ́síkò, yálà ọjọ́ iṣẹ́ ni tàbí òpin ọ̀sẹ̀. Òdòdó, orin, oúnjẹ, ohun gbogbo ni wọ́n ń kó lọ bá ìyá lọ́jọ́ náà. Àwa tó ní ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, tiwa kò ṣòro. Ọ̀dọ̀ tiwọn, wúrà náà máa ń tàn, ó sì máa ń gé ni lọ́wọ́. Àlejò tí kò tíì mọ ibi tí ojú ọ̀bẹ kọ sí, ọ̀rọ̀ bàbá ni kó dì mú.

Bí inú ọmọ Mẹ́síkò bá bàjẹ́, omi ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. "Agüitado" ni wọ́n ń pè é, bí ọbẹ̀ tí omi ti pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ á fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, á ní kó má "agüites" mọ́.

Ọ̀RỌ̀ TÓ LÈ BA ỌJÀ JẸ́

Gbogbo èyí lè dà bí àwàdà. Fún ẹni tó jókòó sílé, àwàdà náà ni. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 2015 ni ọrọ̀ ajé Fẹnẹsúẹ́là ti dẹnu kọlẹ̀, owó wọn kò ra nǹkan mọ́, oúnjẹ àti òògùn sì di góòlù. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 7 ló ti fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn kọjá afárá Simón Bolívar wọ ìlú Cúcuta ní Kòlóḿbíà, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 2 wà ní Kòlóḿbíà, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ sí Peru. Tíṣà di alákàrà, nọ́ọ̀sì di ẹni tó ń ta kọfí nínú fúláàsì.

Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ pẹ̀lú àwọn tó gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì rò pé ìyẹn nìkan kò ní nira. Àfi bí wọ́n ṣe pàdé "arrecho". Ní Caracas, ẹni tó bá ní òun "arrecho", ó ní inú ń bí òun gidigidi ni. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ní Bogotá àti ní Lima, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ara ènìyàn ti gbóná fún ìbálòpọ̀. Ẹ wá fojú inú wo obìnrin Fẹnẹsúẹ́là kan tó gba iṣẹ́ ìránṣọ ní Gamarra, àdúgbò kan ní Lima tí àwọn aránṣọ àti oníṣòwò aṣọ kún fọ́fọ́ bí ti Balógun ní Èkó. Bí ọ̀gá bá yọ owó rẹ̀, tó sì kígbe láàárín àwọn ọkùnrin pé òun "arrecha", ẹjọ́ tó ní lọ́wọ́ ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ìbínú ló sọ, ohun mìíràn ni wọ́n gbọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá a lóhùn.

Èyí tó tún burú ni pé ọ̀rọ̀ inú ẹni ni í kọ́kọ́ tú àṣírí ẹni. Èèyàn lè wọ aṣọ ará Lima, kó jẹ oúnjẹ ará Lima. Bí inú bá bí i lójijì, ẹnu rẹ̀ á padà sí Caracas. Orúkọ àbùkù kan sì wà tí wọ́n ń pe àwọn ará Fẹnẹsúẹ́là nílẹ̀ òkèèrè, "veneco". Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu aláìmọ̀kan ló máa ń fà á jáde lẹ́nu àwọn tó ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ọjà náà ló ń tún un ṣe. Ní Peru, oníbàárà àti ọlọ́jà ń pe ara wọn ní "casera", tàbí "caserita" bí ọ̀rọ̀ bá dùn. Èènì tí wọ́n ń bù lé ọjà ni "yapa". Inú èdè Quechua, èdè àwọn onílẹ̀, ni yapa ti wá. Ní Fẹnẹsúẹ́là àti Kòlóḿbíà, "ñapa" ni. Ní Mẹ́síkò, "pilón". Àlejò tó bá tètè mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ pe ìyá arúgbó ní "caserita", tó sì mọ èènì í bù, kò ní pẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò fi máa wá a kiri. Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó.

Àwọn ará Kòlóḿbíà tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó dára fún àlejò tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹni tó ti mọ ìlú, tí ìlú ti bá lára mu, tí kò ronú àtilọ mọ́, wọ́n á ní ó ti "amañado". Ìbéèrè ọ̀yàyà ni kí wọ́n bi àlejò léèrè bó bá ti amañado. Ẹ sáà má lò ó ní Madrid. Níbẹ̀, "amañado" ni eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fi owó ra adájọ́ rẹ̀, tàbí ìbò tí wọ́n ti yí.

Chile náà, tó bá Peru pààlà, kò gbẹ́yìn. Ẹni tó gbójú, tí gbogbo ènìyàn gba tirẹ̀, "choro" ni ní Santiago. Bí wọ́n bá pariwo "choro" ní Lima, ẹ di àpò yín mú, olè ni.

ÌRÓKẸ̀RẸ̀ BUENOS AIRES

Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi kún fún àwọn ará Ítálì tó ń lọ wá iṣẹ́ ní Buenos Aires. Nínú àwọn ilé ìyára tí wọ́n há mọ́, láàárín èbúté àti ilé ọtí, ẹ̀ka èdè ìgboro kan bí ara rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lunfardo. Àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ pè é ní èdè olè. Lónìí, ó ní ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé tirẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962.

Ìbínú lẹ́nu ará Buenos Aires ni "bronca". Bí gbogbo nǹkan bá kan ń wọ́ tìì, tí inú ènìyàn kò dùn, "mufa" ló mú un. Inú èdè Ítálì ni mufa ti wá, èébu tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Bí nǹkan bá dára, wọ́n á ní "bárbaro", ìyẹn ẹhànnà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ìgboro Èkó ṣe máa ń wo nǹkan àràmàǹdà tí wọ́n á ní "ó burú!"

Bí inú ìyá àgbà kan bá dùn nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣàṣeyọrí, ó lè sọ lójú gbogbo ènìyàn pé òun "chocha". Kò sí ẹni tí yóò bojú wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n "chocho" ní Sípéènì ni orúkọ ojú ara obìnrin, èyí tí ọmọlúwàbí kì í dá ní gbangba. Bí ìyá àgbà yẹn bá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Madrid, ó máa ya àwọn àna lẹ́nu.

Bí ilé bá dàrú, tí ariwo gba ibi gbogbo, "quilombo" ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Èdè Kimbundu ti orílẹ̀-èdè Àǹgólà ni, ẹnu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì bá a dé ibẹ̀. Ibùdó ni ìtumọ̀ rẹ̀ nílé. Ní Brazil, òun ni wọ́n ń pe àwọn ìletò tí àwọn ẹrú tó sá lọ tẹ̀ dó. Nígbà tó dé Buenos Aires, ó di ilé aṣẹ́wó, lẹ́yìn náà ó di rúkèrúdò. Ibùdó òmìnira níbì kan, rògbòdìyàn níbì kejì.

ÈYÍ TÍ KÒ YÍ PADÀ

Ẹ jẹ́ ká padà sí Havana. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kọjá èbúté, yóò dé Regla, níbi tí ère Màríà aláwọ̀ dúdú wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ará Kúbà tó ń júbà rẹ̀, Yemọja ni wọ́n ń rí. Ní Regla yìí náà, ní 1836, ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti agbègbè Calabar ti dá ẹgbẹ́ awo Abakuá sílẹ̀. "Asere", tí gbogbo ọkùnrin Kúbà fi ń kí ọ̀rẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè tún gbà pé ọ̀dọ̀ wọn ni "chévere" ti jáde. Chévere ni ohun tó dára, tó gbádùn mọ́ni. Láti Kúbà ló ti tàn dé Caracas, Bogotá, Quito àti Lima. Ará Fẹnẹsúẹ́là tí arrecho dójú tì ní Lima, bó bá ní "chévere", gbogbo ọjà á gbọ́ ọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú ló wá di ọ̀rọ̀ ayọ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi ń bára wọn rẹ́.

Ayé kò rọrùn fún àwọn ará Kúbà. Bí wọ́n bá kí wọn pé báwo ni, èsì tó wọ́pọ̀ ni "en la lucha", a wà lẹ́nu ìjàkadì, bí ìgbà tí àwa náà ń sọ pé à ń gbìyànjú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti sú wọn pátápátá, wọ́n á ní àwọn "obstinado". Olóríkunkun ni ìyẹn ní Sípéènì. Iná mànàmáná wọn kò dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹwàá 2024, gbogbo erékùṣù náà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti àwọn ọdún 1990 tí ìyà ti jẹ wọ́n gan-an ni wọ́n ti dá àpárá kan sílẹ̀: nítorí pé òkùnkùn ló pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ lọ, àkókò tí iná bá dé ni wọ́n fún lórúkọ, "alumbrón". NEPA ti kógbá wọlé lọ́dọ̀ wa láti 2005, síbẹ̀ àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo "Ọ̀pù NEPA!" bí iná bá dé. Ayọ̀ kan náà ni.

Nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọ Yorùbá yóò gbọ́ ní Havana tí kò ní nílò ògbufọ̀. "Aché." Àṣẹ ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé tú, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ìrèké Kúbà. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni ìjọba tó fòpin sí oko ẹrú. Wọn kò gbé ẹrù lọ, wọn kò gbé owó lọ. Ní 1957, Lydia Cabrera, obìnrin ọmọ Kúbà kan, tẹ ìwé jáde tó kún fún ọ̀rọ̀ Lucumí tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà níbẹ̀, ó sì pe ìwé náà ní "Anagó". Ire ṣì jẹ́ ire nínú èdè ìsìn wọn, "iré" ni wọ́n ń kọ ọ́. Bí ọ̀rẹ́ bá sì ń lọ sí ìrìn àjò, tàbí tó fẹ́ ṣe ìdánwò, wọ́n á sọ fún un pé "aché pa' ti", àṣẹ fún ọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí ohun tó bá dáwọ́ lé ń yọrí sí rere, wọ́n á ní ó ní aché. Aláwọ̀ funfun ń sọ ọ́, aláwọ̀ dúdú ń sọ ọ́.

Kí ẹni tó bá ń rán ọmọ lọ sí Madrid, tàbí tó ń wá ọjà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè yìí, fi etí sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin ènìyàn. Kó wo ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí, bóyá ó rẹ́rìn-ín tàbí ó kọ ojú. Kó béèrè lọ́wọ́ ìyálọ́jà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Etí ni kó lò.

Iyọ̀ Cádiz sọdá òkun nínú ọkọ̀ ọba, pẹ̀lú àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọ, ó dé Havana, ó korò. Àṣẹ sọdá òkun kan náà lẹ́nu àwọn tí wọ́n dè ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀, ó dé Havana, adùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ilé.